Bí Bàálù Bá Já Lẹ́yìn Ìgbéra: Ohun Tó Yẹ Kí Ará Ifọ̀, Mowé àti Ìbàfò Mọ̀, Kí Wọ́n sì Ṣe

Lálẹ́ ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 22 oṣù Kẹwàá ọdún 2005, bàálù Boeing 737 ti ilé iṣẹ́ Bellview gbéra ní pápákọ̀ òfuurufú Ìkẹjà, ó dorí kọ Àbújá. Ènìyàn 117 ló wà nínú rẹ̀. Kò ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ tí àwọn tó ń darí ọkọ̀ òfuurufú fi pè é tí kò dáhùn mọ́. Abúlé Lísà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ifọ̀, ló já sí. Ẹnì kankan kò yè é. Ó fi agbára wọlẹ̀ débi pé ihò ńlá àti àfọ́kù irin ló kù níbẹ̀.

Àwọn tó ń wá a kò mọ̀ pé Lísà ló wà. Ìròyìn tó kọ́kọ́ jáde sọ pé ẹ̀bá Kìṣí, lókè ọ̀hún ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ló já sí, àti pé àwọn kan ṣì wà láàyè. Ọ̀pọ̀ mọ̀lẹ́bí fi ìròyìn yẹn ṣe ìtùnú. Ilẹ̀ ọjọ́ Àìkú ti mọ́ kí ayé tó mọ òtítọ́, nígbà tí àwọn oníròyìn tẹlifíṣọ̀n AIT gbé àwòrán Lísà jáde.

Nítorí ọ̀rọ̀ yìí ni mo ṣe kọ orí yìí. Ilé tó ń jó, ẹni tó bá a gbé ògiri ló ń kọ́kọ́ gbóòórùn èéfín. Bí bàálù bá já sí ilẹ̀ wa, kì í ṣe Àbújá ni yóò kọ́kọ́ mọ̀, kì í sì í ṣe Ìkẹjà. Ìyá tó ń dín àkàrà lẹ́bàá ọ̀nà, ọlọ́kadà tó ń dúró de èrò, àgbẹ̀ tó wà lóko ẹ̀gẹ́, àwọn ni yóò kọ́kọ́ mọ̀. Ohun tí wọ́n bá ṣe láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí ọgbọ̀n àkọ́kọ́ lè gba ẹ̀mí là. Ó sì lè pa ẹ̀mí mìíràn kún èyí tó ti lọ.

1. ÌDÍ TÍ BÀÁLÙ FI Ń GBA ORÍ WA KỌJÁ

Títì tí bàálù ń sáré lórí rẹ̀ kó tó gbéra, tí àwọn awakọ̀ ń pè ní rọ́ńwéè, ó méjì ní Ìkẹjà. Àríwá sí gúúsù ni àwọn méjèèjì nà sí. Èyí tó gùn jù nínú wọn tó mítà 3,900. Nítorí náà, bàálù tó bá gbéra sí àríwá, ọ̀dọ̀ wa ló ń kọjú sí: Agége, Agbádó, Ifọ̀ àti àwọn abúlé tó wà láàárín wọn. Èyí tó bá sì fẹ́ balẹ̀ láti àríwá, orí àwọn ilé kan náà ló máa ń gbà wálẹ̀.

Ẹ má gbàgbé pápákọ̀ òfuurufú tuntun ti ìpínlẹ̀ Ògùn náà, tó wà láàárín Ìpẹru àti Ìlíṣàn, lápá ìlà oòrùn wa. Bí ìrìnnà ibẹ̀ bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ìró bàálù yóò máa pọ̀ sí i lókè Mowé àti Ìbàfò.

Èyí kò tó ohun tí a ó máa fi ṣàìsùn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún bàálù ló ń kọjá lórí wa tí nǹkan kan kì í ṣe wọ́n. Àmọ́ ẹni tó ń gbé ẹ̀bá odò gbọ́dọ̀ mọ bí omi ṣe ń kún.

2. KÍ LÓ MÁA Ń ṢẸLẸ̀ NÍGBÀ ÌGBÉRA?

Eré ló ń gbé bàálù dúró lókè. Afẹ́fẹ́ tó ń gba orí àti abẹ́ apá rẹ̀ kọjá ló ń gbé e sókè. Bí eré náà bá dín ju bó ṣe yẹ lọ, afẹ́fẹ́ kò ní lè gbé apá náà mọ́, bàálù á sì já bí àgbọn tó bọ́ lórí igi. Bàálù tó wà lókè réré tó pàdánù eré ṣì ní àyè láti tẹ orí ba, kó tún eré sá. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra kò ní àyè yẹn. Ilẹ̀ wà nísàlẹ̀ rẹ̀ gan-an, epo kún inú táǹkì rẹ̀, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì ń fi gbogbo agbára ṣiṣẹ́.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹwàá ọdún 2013. Bàálù Embraer kan ti ilé iṣẹ́ Associated gbéra ní Ìkẹjà, ó ń gbé òkú gómìnà àná ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, Olúṣẹ́gun Àgàgú, lọ sí Àkúrẹ́ fún ìsìnkú. Ènìyàn 20 ló wà nínú rẹ̀. Nígbà tó ṣì ń sáré lórí títì ni ohùn ìkìlọ̀ inú bàálù náà ti ń ké pé nǹkan kò tò. Ìwádìí fi hàn pé ẹ́ńjìnnì kejì kò fún wọn ní agbára tó yẹ, síbẹ̀ àwọn awakọ̀ kò dúró. Ìṣẹ́jú kan kò pé lẹ́yìn tó kúrò nílẹ̀ tó fi já lulẹ̀. Díẹ̀ ló yè nínú àwọn tó gbé.

Ní ọjọ́ 21 oṣù Kejì ọdún 2021, bàálù King Air ti iléeṣẹ́ ọmọ ogun òfuurufú gbéra ní Àbújá, ó ń lọ sí Mìnà. Awakọ̀ rẹ̀ sọ pé ẹ́ńjìnnì ti dáṣẹ́ sílẹ̀, ó fẹ́ ṣẹ́rí padà. Kò dé títì tó fi já. Àwọn méje tó wà nínú rẹ̀ ló kú. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ ọdún 2023, bàálù kékeré kan tó ń jẹ́ Jabiru já sí Ọba Àkran, ní Ìkẹjà, láàárín ilé àti ọkọ̀. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ yè é.

Ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀ tí gbogbo awakọ̀ bàálù kékeré ń kọ́: bí ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo tó ní bá kú nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra, kó má ṣẹ́rí padà. Kó máa lọ síwájú, kó sì wá ibi tó tẹ́jú balẹ̀ sí. Ọ̀pọ̀ tó gbìyànjú láti padà ni eré tán lára rẹ̀ níbi tó ti ń yí.

Èyí kàn wá gidigidi. Ibi tó tẹ́jú tí awakọ̀ ń wá yẹn, kí ni ó jẹ́ ní ọ̀dọ̀ wa? Pápá ìṣeré ilé ìwé ni, tàbí oko, tàbí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Nítorí náà, bí ẹ bá rí bàálù kékeré tó ń bọ̀ nísàlẹ̀ tí ìró ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń já, tó ń wúkọ́, tàbí tó dákẹ́ pátápátá, ẹ kó àwọn ọmọ kúrò ní pápá kíákíá. Ẹ má sá lọ síwájú rẹ̀, ẹ má sì sá wá pàdé rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ni kí ẹ sá sí, lọ́wọ́ ọ̀tún tàbí lọ́wọ́ òsì ọ̀nà tó ń gbà bọ̀.

3. PÁPÁ KÚKÚRÚ ÀTI BÀÁLÙ KÉKERÉ

Lọ́jọ́ iwájú, ẹnì kan lè wá bá Baálẹ̀ yín pé òun fẹ́ ra ilẹ̀ láti fi ṣe pápá bàálù kékeré, bóyá fún oko ńlá tàbí fún àwọn olówó tí kò fẹ́ wọ sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ. Kí ẹ tó gbà, ẹ mọ ìṣirò yìí.

Ẹ mú Cessna 172, bàálù ẹlẹ́ńjìnnì kan tó ń gbé ènìyàn mẹ́rin. Kò sí irú bàálù mìíràn tí wọ́n ṣe pọ̀ tó o láyé. Bí títì bá jẹ́ ọ̀dà gbígbẹ, tí ojú ọjọ́ sì tutù tó 15 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì, nǹkan bíi mítà 500 ni yóò lò láti ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ eré títí yóò fi lè kọjá lórí igi tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 50. Àmọ́ àjọ tó ń ṣàkóso ọkọ̀ òfuurufú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń kọ́ àwọn awakọ̀ wọn báyìí:

• Bí ilẹ̀ bá jẹ́ koríko gbígbẹ, ẹ fi ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún kún un. Bí koríko náà bá tutù, ẹ fi ìdá 30 kún un.
• Ní gbogbo ìgbà tí ooru bá fi 10 lé sí i, ẹ fi ìdá 10 kún un.
• Bí ẹrù àti ènìyàn bá mú bàálù wúwo sí i ní ìdá 10, ẹ fi ìdá 20 kún un.
• Bí ilẹ̀ bá rọ̀, ẹ fi ìdá 25 kún un, ó kéré tán.
• Bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ láti ẹ̀yìn bàálù, ẹ tún fi kún un.

Ẹ wá gbé e wá sí Ifọ̀ ní oṣù Kẹfà, lẹ́yìn òjò òwúrọ̀. Koríko tutù: mítà 500 di 650. Oòrùn ọ̀sán dé, ooru fi 20 ju ti ìwé lọ: 650 súnmọ́ 790. Ọ̀gá ní kí wọ́n ju àpò ẹrù méjì kan sí i, bàálù wúwo sí i ní ìdá 10: 790 súnmọ́ 950. Mítà 500 tó wà nínú ìwé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì, ìyẹn bí ẹni to pápá bọ́ọ̀lù mẹ́sàn-án tẹ̀lé ara wọn. Bí pápá náà bá jẹ́ mítà 700, tí igi ọ̀pẹ sì wà ní òpin rẹ̀, kò sí àdúrà tó lè sọ 700 di 950.

Nítorí náà, ìbéèrè mẹ́rin ni kí ìlú bi ẹni tó fẹ́ ilẹ̀. Báwo ni pápá náà ṣe gùn tó? Kí ló wà ní òpin rẹ̀: ilé, igi, wáyà iná ni àbí ọ̀nà? Ta ni yóò máa gé koríko rẹ̀? Níbo ni ìwé àṣẹ NCAA wà? Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dá pápá bàálù sílẹ̀ láìgba àṣẹ lọ́dọ̀ NCAA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójútó ìrìnnà òfuurufú. Ẹni tí kò bá ní ìwé, ẹ má tà fún un. Bí wọ́n bá sì ti ṣe pápá náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ́ ilé sí òpin rẹ̀, bó ti wù kí ilẹ̀ náà rọjú tó.

4. BÓ BÁ TI JÁ: ÌGBÉSẸ̀ MẸ́FÀ

Ìkíní: Ẹ dúró, ẹ wò ó. Ẹ mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ èéfín lọ, kí ẹ sì dúró sí òdìkejì rẹ̀. Bí iná bá ń jó, ẹ jìnnà sí i, nítorí táǹkì epo, táyà àti sílíńdà ọ́síjìn lè bú gbàmù. Ẹni tó sá wọ inú iná di ẹlòmíràn tí a ó máa wá.

Ìkejì: Ẹ pe 112. Nọ́ńbà pàjáwìrì ìjọba àpapọ̀ ni, ọ̀fẹ́ ni. Bí ó bá já sórí ọ̀nà márosẹ̀ tàbí lẹ́bàá rẹ̀, ẹ tún pe 122, ti àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó. Ẹ má rò pé ẹlòmíràn ti pè. Ẹ sọ ọ́ ṣókí, kó yéni:

“Ẹ káàsán mà. Bàálù ti já. Ìjọba ìbílẹ̀ Ifọ̀ ni, lẹ́yìn ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ abúlé wa [ẹ dárúkọ rẹ̀]. Bàálù kékeré ni. Iná ń jó. Mo rí ẹni méjì tó ń mira. Ọ̀nà tó gba iwájú ọjà ni kí wọ́n gbà, èkejì kò ṣeé gbà, omi ti wà níbẹ̀. Ọmọkùnrin kan tó wọ ẹ̀wù pupa yóò dúró de wọn ní oríta.”

Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe to: ìjọba ìbílẹ̀, àmì ibi tó hàn sójú, bí bàálù ṣe tóbi tó, iná, àwọn tó wà láàyè, ọ̀nà, àti ẹni tí yóò dúró dè wọ́n. Ohun tí ẹ rí fúnra yín nìkan ni kí ẹ sọ. Ohun tí ẹ kò rí, ẹ má fi kún un. Ìròyìn Kìṣí kọ́ wa pé ìtùnú tí kì í ṣe òtítọ́ ń dá ọgbẹ́ kejì sára ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀.

Ìkẹta: Ẹ kó iná àti epo jìnnà síra. Ẹ pa sìgá, ẹ pa iná àkàrà, ẹ pa jẹnẹrétọ̀, ẹ má ṣáná ọ̀kadà nítòsí. Bàálù ńlá ń lo epo tó fara jọ kẹrosíìnì. Ọ̀pọ̀ bàálù kékeré ń lo irú epo pẹtiróòlù kan. Ẹ̀yin tó ń gbé Mowé àti Ìbàfò, ẹ ti rí ohun tí táńkà epo ń ṣe lójú ọ̀nà márosẹ̀ yẹn. Ẹ ti rí ẹni tó fi garawa bu epo lọ tí kò padà wálé. Epo inú bàálù kò yàtọ̀. Ẹ má bù ú.

Ìkẹrin: Ẹ ran ẹni tó ṣì ń mí lọ́wọ́, bí kò bá sí iná. Bí fáànù iwájú bàálù kékeré bá ṣì ń yí, ẹ̀yìn apá ni kí ẹ gbà lọ. Ẹ má gba iwájú rẹ̀ rárá. Àwọn bàálù kékeré kan wà tó ní agbòòrùn ńlá tí wọ́n fi ń balẹ̀, ohun ìbúgbàmù kékeré kan ló sì ń ta á jáde. Nítorí náà, ẹ má fa okùn tàbí ọwọ́ pupa kankan tí ẹ bá rí. Bí èéfín tàbí iná kò bá lé yín, ẹ má fa ẹni tó farapa lọ́rùn tàbí lẹ́yìn. Ẹ bá a sọ̀rọ̀, ẹ di ojú ọgbẹ́ tó ń ṣẹ̀jẹ̀ mú ṣinṣin pẹ̀lú aṣọ mímọ́. Ẹni tó jóná, ẹ da omi tútù mímọ́ sí i fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Ẹ má fi àdín, ẹyin, ọṣẹ ìfọyín tàbí kẹrosíìnì pa á lára. Ilé ìwòsàn ìjọba ní Ifọ̀, FMC ní Abẹ́òkúta àti ilé ìwòsàn yunifásítì OOUTH ní Ṣàgámù ni kí ẹ ní lọ́kàn. Ẹ jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ pàjáwìrì yan èyí tó bá yẹ.

Ìkarùn-ún: Ẹ dá èrò dúró. Nígbà tí bàálù Dana já sí Ìjù-Ìshàgá ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà ọdún 2012, ènìyàn 153 ló wà nínú rẹ̀, àwọn mìíràn sì kú nínú ilé tó já lù. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èrò ló ya débẹ̀, wọ́n sì dí ọ̀nà mọ́ àwọn panápaná àti àwọn adóòlà ẹ̀mí. Kì í ṣe ọkàn burúkú ló gbé wọn débẹ̀. Àánú ni, ìyàlẹ́nu ni. Síbẹ̀, ọ̀nà tó dí kò mọ ìyàtọ̀ àánú àti ìkà. Ẹ yan ọ̀nà kan, kí ó máa ṣófo gbayawu fún ọkọ̀ panápaná àti ọkọ̀ áńbúláǹsì. Ẹ fi okùn tàbí igi dá ọ̀nà yòókù dúró. Bí àwọn ẹ̀ṣọ́ Amọ̀tẹ́kùn, ẹ̀ṣọ́ So-Safe tàbí ọlọ́pàá bá dé, ẹ fi iṣẹ́ náà lé wọn lọ́wọ́.

Ìkẹfà: Ẹ má gbé nǹkan kan. Ẹ má mú owó, fóònù, bàtà, irin, tàbí bébà. Òkú kò lè tọ́jú ẹrù rẹ̀. Àwa ni ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ títí àwọn ẹbí yóò fi dé. Ó sì ní ìdí mìíràn: gbogbo àfọ́kù tó wà nílẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ fún àwọn olùwádìí, pàápàá ibi tó balẹ̀ sí gan-an. Àpótí tí a ń pè ní dúdú, àwọ̀ ọsàn ló ní. Bí ẹ bá rí i, ẹ má ṣí i, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ gbé ẹnì kan tì í, kó máa ṣọ́ ọ. NSIB, àjọ tó ń wádìí ìjàǹbá, ni yóò gbà á. Ẹ má sì ya àwòrán òkú kó máa lọ láti orí fóònù kan sí òmíràn. Ọmọ ẹnì kan ni.

Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ ẹ̀rí báyìí ni ti Lísà. Àwọn olùwádìí kò ní àkọsílẹ̀ àpótí yẹn lọ́wọ́, ihò àti àfọ́kù ló kù fún wọn. Nígbà tí wọ́n gbé àbọ̀ wọn jáde, wọ́n sọ pé àwọn kò lè fi ìdánilójú tọ́ka sí ohun tó fa á. Wọ́n sọ pé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọ̀gá awakọ̀ náà kò tó fún ipò tó wà, pé iṣẹ́ ti pọ̀ jù fún un ní àwọn ọjọ́ tó ṣáájú, àti pé bàálù náà ní àbùkù tí kò yẹ kí wọ́n fi jẹ́ kó gbéra rárá. Ẹbí 117 ló ń dúró de ìdáhùn. “Bóyá” ni wọ́n rí gbà.

5. ÌMÚRASÍLẸ̀ KÍ Ó TÓ ṢẸLẸ̀

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò kọ̀ọ̀kan, ìyẹn CDA, lè ṣe nǹkan márùn-ún yìí láìná owó púpọ̀:

• Ẹ yan ẹni méjì tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti pe 112: ọ̀kan tó máa ń wà nílé lọ́sàn-án, ọ̀kan tó máa ń wà nílé lálẹ́.
• Ẹ kọ àmì ibi tó hàn ní àdúgbò yín sílẹ̀: ilé ìwé, ọjà, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí, tírańsifọ́mà. Ọ̀pọ̀ òpópónà tuntun ní Mowé àti Ìbàfò kò tíì ní orúkọ tó hàn lára òpó. Àmì ibi ni orúkọ wọn.
• Ẹ mọ ọ̀nà tí ọkọ̀ ńlá lè gbà ní ìgbà òjò, kí ẹ sì mọ èyí tí kò lè gbà. Ẹ má fi geeti àdúgbò ti ọ̀nà náà láìsí ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ nítòsí.
• Ẹ mọ kànga àti táńkì omi tí panápaná lè fà.
• Ẹ jẹ́ kí àwọn olùkọ́ fi hàn àwọn ọmọ, lẹ́ẹ̀kan ní sáà kọ̀ọ̀kan, bí wọn yóò ṣe kúrò ní pápá ìṣeré sí ẹ̀gbẹ́ láìtẹ ara wọn mọ́lẹ̀.

Gbogbo rẹ̀ kò gba ju ìpàdé kan lọ. Yóò sì wúlò lọ́jọ́ tí táńkà bá gbiná, tàbí tí ilé bá wó, tàbí tí ọkọ̀ ojú irin bá kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀ ní Ifọ̀.

Mo bẹ̀ yín, ẹ̀yin Baálẹ̀, ẹ̀yin alága àdúgbò, ẹ̀yin ìyálọ́jà: ní ìpàdé yín tó ń bọ̀, ẹ ka orí yìí sétí ìgbọ́ gbogbo ènìyàn. Ẹ yan ẹni tí yóò pe 112 kí ẹ tó túká, kí ẹ sì fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà náà sára ògiri tí tọmọdé tàgbà ń rí.